Ẹ Má Gba Sípánà Lọ́wọ́ Mi

Tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ ní sùúrù kí n sọ ọ́ tán ná. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba ìtàn iwin gbọ́. Tí àwọn ará ilé bá bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lórí fóònù, èmi ni mo máa ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, mo níṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ọwọ́ mi méjèèjì ló sì gbà á. Ọwọ́ yẹn gan-an ni wàhálà mi.

Mi ò ní dárúkọ pápá bàálù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Agbègbè Dallas níbí ni, ẹni tó bá máa mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n. Euless là ń gbé, èmi, Fúnmi ìyàwó mi àti Tóbi ọmọ wa, torí pé kò jìnnà síbi iṣẹ́. Bí bàálù bá ń balẹ̀, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù wa máa ń gbọ̀n. Ó ti mọ́ wa lára, a kì í gbọ́ ọ mọ́.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Kì í ṣe iná ilé o. Iná ojú rọ́nwéè ni, ìyẹn ọ̀nà gbọọrọ tí bàálù ń balẹ̀ sí. Àwọn kan wà létí ọ̀nà, àwọn kan wà láàárín gan-an, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé táyà lè gun orí wọn kọjá. Tí kùrukùru bá bolẹ̀, páílọ́ọ̀tì ò rí nǹkan kan mọ́ àfi àwọn iná yẹn. Tí méjì tó tẹ̀ léra bá ṣe bàìbàì, bàálù ò gbọdọ̀ balẹ̀ síbẹ̀ nínú kùrukùru. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dán wọn wò. A ní ọkọ̀ kan tí wọ́n de irin gígùn kan mọ́ níwájú. Bí a bá ti ń wa ọkọ̀ náà gba orí iná kọjá, irin yẹn á máa wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó. Èyí tó bá dáa á yọ àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí kò bá dáa á yọ pupa.

Iná kan wà láàárín, iná kẹtàdínlógún. Ẹ gbà mí gbọ́, iná yẹn lórí kunkun. A pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, a pààrọ̀ wáyà rẹ̀, a pààrọ̀ gíláàsì orí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, á tún ti pupa.

Hector, tí àwa méjèèjì jọ máa ń ṣiṣẹ́, ọmọ Texas gidi tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mexico, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í dá lọ sídìí iná yẹn. Mo ní kí ló dé? Ó kàn gbé èjìká. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ìsẹ́yìn, ta ló fẹ́ fi gílóòbù dẹ́rù bà mí?

Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni. Àárọ̀ ni o, kì í ṣe òru. Aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀. Kùrukùru ọjọ́ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Texas. Tí kì í bá ṣe iná ọkọ̀, tí mo bá na ọwọ́ síwájú, mi ò rí ọmọ ìka mi dáadáa. Àwọn bàálù ń yí kiri lókè, à ń gbọ́ ìró wọn, a ò rí wọn. Wọ́n ti rọ́nwéè kan pa fún wa pé ká yẹ iná ibẹ̀ wò kíákíá kí wọ́n lè máa balẹ̀ síbẹ̀. Táwà, ìyẹn àwọn tó ń darí bàálù lórí rédíò, sọ fún wa ketekete pé àwa méjèèjì nìkan la wà lórí rọ́nwéè yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Hector ń wa ọkọ̀, èmi ń wo kọ̀ǹpútà. Iná kìíní dáa. Èkejì dáa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí a fi dé iná kẹtàdínlógún. Ó pupa. Èkejìdínlógún náà pupa.

"Méjì tó tẹ̀ léra," Hector wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀ kí iná iwájú rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ sí mi. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo mú àkísà, mo bọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tí mo fi rí i.

Ọkùnrin kan ló kúnlẹ̀ sídìí iná kẹtàdínlógún.

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó wọ àwọ̀lékè tó máa ń tàn yòò bíi tèmi, àmọ́ tiẹ̀ ti ṣá, ó ti fẹ́ẹ̀ funfun tán. Ó di sípánà kan mú, ó ń bá bóòtù tó de ìdí iná náà mọ́lẹ̀ jà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, gbogbo wa la kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Kí n pe táwà lójú ẹsẹ̀ pé èèyàn kan wà lórí rọ́nwéè. Ìyẹn nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é.

Ó wá húkọ́. Ẹ mọ ikọ́ àwọn àgbàlagbà wa yẹn, èyí tí wọ́n máa ń hú kí ọmọdé lè mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Bó ṣe húkọ́ báyìí ni ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Yorùbá ni mo sọ o! Fún ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀, láàárín Texas!

"Òo," ó dáhùn jẹ́jẹ́. "O káàárọ̀."

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́ yẹn, mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá rí. Mo ní àṣé mo léèyàn níbí. Mo sún mọ́ ọn. Irun orí rẹ̀ funfun báláú. Àgbàlagbà ni, ó lè bí mi lọ́mọ dáadáa. Bóòtù yẹn ò tú, ó sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ọwọ́ mi ti kú," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé yìí, ẹ bá mi dá a. Ta ni nínú yín, tí wọ́n bí ire, tí wọ́n kọ́ nílé, tó máa dúró máa wo bàbá arúgbó tó ń jìyà lórí iṣẹ́? Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Tí àgbà bá gbẹ́rù, gbà á lórí ẹ̀. Tí àgbà bá ń gbálẹ̀, gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá mi lè tinú sàréè jáde wá gbá mi létí tí mo bá ká ọwọ́ gbera. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹríba, mo ti na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé wàá gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wàá gbà á?"

Mo rò pé etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa ni. "Mo ní mo máa gbà á, Bàbá."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ gan-an. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ bi ọ́ yìí o. Ṣé wàá gbà á?"

Ara mi sọ fún mi. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ara mi sọ fún mi. Òtútù kan gba ẹ̀yìn ọrùn mi wọlé, orí mi wú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àgbàlagbà bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí sípánà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ọwọ́ tí mo ti nà sí àgbà, ṣé kí n tún ká a kò ni?

Mo ní, "Ẹ gbé e wá, sà."

Ó na án sí mi láti orí èjìká rẹ̀, láì wo ojú mi. Sípánà àtijọ́ ni, wọ́n fi àkísà ankara aláwọ̀ búlúù wé ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù débi pé ńṣe ló ta mí lọ́wọ́ bí iná. Bí mo ṣe gbà á ni bàbá náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ru igi wálé láti oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó wá ṣàdúrà fún mi.

"Ìwọ náà á rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Tí àgbà bá ṣàdúrà, ṣé Yorùbá máa ń dúró rò ó wò kó tó dáhùn?

"Àmín!" mo ké e sókè. "Àmín, sà!"

Mo kúnlẹ̀, mo fi sípánà náà sí bóòtù. Ó tú wẹ́rẹ́. Mo nu gíláàsì rẹ̀, mo nu ti èkejìdínlógún, mo tún wọn dè. Mo gbójú sókè láti sọ fún Bàbá pé ó ti parí.

Kò sẹ́nì kankan.

Mo wo ilẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ló rin fún ìrì. Ipa bàtà tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ibi tó kúnlẹ̀ sí, ojú méjì kan wà tó gbẹ, róbótó-róbótó, ìwọ̀n eékún èèyàn. Ìrì ò tíì kàn án rárá. Ẹni tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí kùrukùru tó dé.

Rédíò àyà mi dún. Hector ni. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ aláriwo ni tẹ́lẹ̀.

"Àwọn iná yẹn ti mọ́lẹ̀, mò ń rí wọn láti ibí. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá tó wà níbí ni. Ṣé o ò rí wọn?"

"Ìwọ nìkan ni mo rí. O tẹríba, o na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ara Olúwa lọ́wọ́ fáàdà. Jọ̀ọ́, wá wọ ọkọ̀. Wá báyìí."

Ìgbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ ni mo rí i pé sípánà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wa ọkọ̀ lọ sí DeSoto, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Mo dúró títí ìsìn fi parí, mo wọlé tọ pásítọ̀ wa lọ. Àgbàlagbà ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Dallas. Mo yọ sípánà náà nínú ọ̀rá. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Àkísà ankara yẹn ló ń wò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Àlàgbà kan nínú ìjọ wa ló ni ín," ó wí. "Ìró ìyàwó rẹ̀ ló ya tó fi wé e. Òun ni Yorùbá tí mo mọ̀ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ iná níbẹ̀. Lọ́jọ́ kùrukùru kan, kó o tó dé ìlú yìí, ẹni tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò rí ojú ọ̀nà márosẹ̀, kò lè wá. Àlàgbà ní kò burú, òun á dúró dè é. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Èmi ni mo sin ín."

Pásítọ̀ dìde, ó na ọwọ́ sí mi.

"Gbé e wá, kí n gbàdúrà lé e lórí."

Ẹ gbọ́, mi ò mọ ẹni tó fi ọgbọ́n yẹn sí mi nínú. Mo já sípánà náà sẹ́yìn, mo sì pariwo mọ́ ẹni tó sọ ọmọ mi lórúkọ.

"Ẹ má gbà á! Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ó rò pé nǹkan ti wọ inú mi. Ó da òróró sí mi lórí, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Èmi náà kúnlẹ̀, mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni mo fi sípánà sí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n jù ú nù. Ṣé ẹ rò pé mo ya òmùgọ̀ ni? Mo lọ sí Little Elm, lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé létí adágún, mo sì jù ú sínú omi. Ó rì. Kò padà wá bíi ti inú ìtàn iwin. Ibẹ̀ ló wà dòní. Mo jó délé lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó tán.

Kò tán. Àṣé kì í ṣe irin ni mo gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Iṣẹ́ ni mo gbà.

Nígbà tí kùrukùru tún dé, èmi kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sùn sílé. Fóònù ló jí mi, Hector ni.

"Kí lò ń ṣe lórí rọ́nwéè? Ọjọ́ ìsinmi rẹ nìyí."

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà."

"Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ báyìí," ó wí, ó sì gé fóònù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Tí a bá pàdé, ó máa ń sá fún mi.

Mo ṣí aṣọ ìbora. Epo dúdú wà léèékún ṣòkòtò tí mo fi sùn. Ọwọ́ mi ti kú, mi ò lè ká a. Fúnmi ní òun ti ń jí mi láti òwúrọ̀, mi ò jí. Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ kùrukùru tí mo bá wà nílé. Mo gba ìsinmi, kò yí padà. Mo wá rí i pé tí mo bá tilẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ yẹn ò ní fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi kọ èyí.

Fúnmi ní àbúrò kan, Títí. Òun náà mọ iṣẹ́ iná, Houston ló wà tẹ́lẹ̀. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti bá a gba fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n gbà á, ó kó wá sọ́dọ̀ wa ní Euless, ó ti lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbọ́ ni Títí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ á kúnlẹ̀ kí mi níbi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn òyìnbó á máa wò wá. Tí mo bá gbé nǹkan báyìí, kó tó dé ilẹ̀, á ti ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, bọ̀dá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kùrukùru wà. Títí lọ síbi iṣẹ́, èmi wà nílé. Ọ̀sán ló dé, èmi àti Fúnmi ń jẹ ìrẹsì ní kíṣìnì. Títí wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ àárọ̀ o."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. "Iṣẹ́ àárọ̀ wo?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni mo bá nídìí iná kẹtàdínlógún ni? Mo kí yín, ẹ ò tiẹ̀ bojú wò mí. Ẹ ní ọwọ́ yín ti kú. Mo ní kí ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ń bi mí pé ṣé mo máa gbà á, ṣé mo máa gbà á, bí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti nawọ́ sí sípánà yín aláńkárá yẹn ni táwà pè mí lórí rédíò pé kí n kúrò níbẹ̀ kíá. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹ ti lọ."

Fúnmi gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. "Títí," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "bọ̀dá rẹ ò jáde nílé lónìí."

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Títí, láti orí dé ìdí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin náà ń gba irú eléyìí gbọ́?" Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, òun ò lè máa pa á jẹ nítorí kùrukùru. Ó ṣèlérí pé òun á ṣọ́ra. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi nawọ́ sí àwo tó wà níwájú mi. "Ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́, bọ̀dá." Mo wo ọwọ́ mi. Ó ti jọ̀wọ́ àwo náà fún un.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Fúnmi, mi ò sì sọ fún Títí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Lójú oorun mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó kí mi. Mo gbọ́ ohùn mi tó ń bi í lẹ́ẹ̀kìíní, tó ń bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ń ro mí, eékún ń ro mí, ó rẹ̀ mí débi tí mi ò lè sọ fún yín. Mo mọ̀ pé Títí ni. Mo mọ̀ pé àbúrò ìyàwó mi ni. Nígbà tí rédíò pè é tó sì fi mí sílẹ̀ lọ, inú mi ò dùn pé orí yọ ọ́. Inú bí mi. Ẹ gbọ́ mi o, inú bí mi pé kò gbà á.

Wọ́n ní kùrukùru ń bọ̀ lọ́la. Títí wà ní pálọ̀ báyìí, ó ń lọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó ń kọrin. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ò ní ṣàìrí ọkọ̀ wọ̀.

Títí, tó o bá ka èyí, àti ẹ̀yin yòókù tí iṣẹ́ bá gbé wọnú kùrukùru níbi yówù kó jẹ́: tí ẹ bá rí ọkùnrin kan lórí ìkúnlẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí yín, tí ankara aláwọ̀ búlúù wà lọ́wọ́ sípánà rẹ̀, èmi ni. Tí ẹ ò bá lè ṣe kí ẹ má kí mi, ẹ kí mi, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín wà nínú àpò. Tí mo bá ní ọwọ́ mi ti kú, ẹ jẹ́ kó kú. Tí mo bá sunkún, tí mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Tí mo bá sì ṣàdúrà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má ṣe àmín.